Òjìji Lẹ́rẹ̀kẹ́ Òkúta

Kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ni mo ti ṣiṣẹ́, ìdí ère òkúta sì ni wọ́n fi mí sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn idẹ àti igi. Èmi fẹ́ràn òkúta nítorí pé kì í yá a lára láti purọ́. Igi lè gbó láàárín ọdún díẹ̀ bí ikán bá bá a ṣeré. Idẹ lè dípẹtà bí èèyàn bá da nǹkan lé e lórí. Ṣùgbọ́n òkúta, bí o bá fẹ́ kí ère tuntun dà bí àgbà, wàhálà ni wàá ṣe, wàhálà náà á sì fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ yẹn ni mo máa ń wá.

Títí di ìsinsìnyí, wọ́n ṣì ń gbé òkúta wá bá mi nílé ní Sùúrùlérè. Mo ní tábìlì kan ní bàlùkóní, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Tọ́ọ̀ṣì, awò kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, òwú, omi gbígbóná, àti ìka ọwọ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ ńláńlá wà lókè òkun tó ń wo inú òkúta, mi ò sì fojú kéré wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń gbé wá, kí wọ́n tó tú aṣọ lára rẹ̀ tán ni mo ti máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, Yaba ni wọ́n ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan náà la jọ ń lọ. Bàbá rẹ̀ ti ṣe tíṣà títí ó fi di ọ̀gá ilé ìwé. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bó bá jókòó síwájú rẹ, wàá fẹ́ wò bóyá èékánná rẹ mọ́. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n wá, ọmọ náà pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "òkúta kan ni Dádì rà. Láti ìgbà tí wọ́n ti rà á, wọn ò sùn dáadáa torí ayọ̀. Tó bá jẹ́ ayédèrú, ẹ má sọ ọ́ lójú wọn. Èmi ni kẹ́ ẹ sọ fún, màá mọ bí mo ṣe máa rọra gbé e kalẹ̀."

"Ta ló ni òkúta?" mo bi í.

"Dádì ni."

"Á jẹ́ pé Dádì ni màá sọ fún."

Ó ní kò burú, àwọn ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé òkúta náà bí ọmọ tuntun. Bàbá kò jẹ́ kí ẹlòmíràn tú u. Nígbà tó ṣí i tán, ère obìnrin kan ló jókòó sórí tábìlì mi, ó na ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, imú rẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ sì tutù. Gíga rẹ̀ kò ju láti ìgbọ̀nwọ́ èèyàn dé orí ìka. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo ní kí bàbá kọ́kọ́ sọ fún mi bó ṣe mọ ère náà.

Ìlú kan ní Ìgbómìnà ni wọ́n ti bí i. Bàbá tirẹ̀ ló ń ṣe olórí ìjọ kékeré tó wà níbẹ̀, ère yìí sì wà nídìí ògiri kan lẹ́yìn ilé wọn, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ìyá Àgbà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jókòó jẹ ẹ̀pà. Ní ọdún kan, lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti wá gbé e lọ.

"Ìyá mi sunkún bí ẹni tí òkú kú fún," bàbá wí. "Onígbàgbọ́ ni wọ́n o. Wọn ò bọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní aráalé wa ni."

Láti ìgbà yẹn ló ti ń wá a. Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n júwe ọkùnrin kan fún un ní Ìjọra tó ń ta ohun àtijọ́ nínú ilé ìkẹ́rù kan. Ọkùnrin náà ní kó fọkàn balẹ̀, òun mọ àwọn tó ń kó irú rẹ̀ gba ẹnubodè kọjá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó pè é pé òun ti rí i.

"Mo fẹ́ dá a padà sílé kí n tó kú, Màdáàmù. Ìyẹn nìkan ni."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án ná, sà."

Òkúta rírọ̀ ni, irú èyí tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ojúlówó òkúta apá ìlú wọn ni wọ́n lò, nítorí náà òkúta fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó máa sọ fún mi. Gbogbo òkúta ló gbó. Ọjọ́ tí irin agbẹ́kùúta kọ́kọ́ kàn án ni mò ń wá.

Mo gbé e sínú oòrùn, mo sì fi í síbẹ̀ títí a fi mu tíì tán. Nígbà tí mo padà gbé imú sí i, òórùn ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ère tuntun di dúdú ló ń jáde lára rẹ̀. Mo ki òwú bọ omi gbígbóná, mo nù ún lábẹ́ apá. Ìdọ̀tí ibẹ̀ yọ́ wá bíi kòkó inú ife. Ìdọ̀tí tó bá ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: á ti bá òkúta mulẹ̀, abẹ́rẹ́ lo máa fi ha á kí o tó rí ìwọ̀nba díẹ̀ mú. Mo dojú rẹ̀ dé. Ìdí rẹ̀ tẹ́jú ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ilà róbótó tí gíráíndà tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin máa ń fà sì wà níbẹ̀ kedere. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ń dán lásán, kò sí irun, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ẹni tó fara balẹ̀ gbẹ́ ojú tó tó báyìí kò lè ṣàdédé ya ọ̀lẹ tó bá dé ẹ̀yìn.

Ohun tó wá kù tó ń dà mí láàmú ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ilà kan wà níbẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ láti ẹ̀bátí wá sí àgbọ̀n.

"Kí ni èyí, sà?"

"Ilà ojú ni," bàbá dáhùn.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo?"

Bàbá ronú. "Mi ò rántí rẹ̀ dáadáa. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo imú, Màdáàmù. Bí imú Ìyá Àgbà ṣe ṣẹ́ gan-an nìyí. Ta ló lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ará ilé wa?"

"Ẹni tẹ́ ẹ bá fi hàn."

"Mi ò fi nǹkan kan han ẹnikẹ́ni." Ó fọwọ́ kan báàgì rẹ̀. "Àfi fọ́tò. Mo ní fọ́tò rẹ̀ kan. Ọkùnrin Ìjọra yẹn ní kí n jẹ́ kí òun yà á sínú fóònù òun, kí òun lè mọ ohun tí òun ń wá."

Ọmọ rẹ̀ bojú wo ilẹ̀. Mo bi bàbá bóyá fọ́tò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ ọ́ jáde nínú báàgì rẹ̀, fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun, kékeré, tí etí rẹ̀ ti ń já. Àlejò kan tó wá kí bàbá rẹ̀ láyé àtijọ́ ló yà á. Mo gbé awò mi lé e. Ìyá Àgbà jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn, ó kọjú sí wa, ògiri amọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ilà dúdú kọrọdọ kan sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ kọjá. Mo wò ó títí ó fi dá mi lójú. Lẹ́yìn náà ni mo ti awò sọ́wọ́ bàbá.

"Ẹ fi ojú tọ ilà yẹn lọ, sà. Ẹ wo ibi tó parí sí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí i bí awò ṣe ń rọra rìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúrò lójú ère, ó bọ́ sórí ògiri. Ilà náà kò dúró ní àgbọ̀n Ìyá Àgbà. Ó fo àlàfo, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ lára ògiri títí ó fi pín sí méjì, pẹ̀lú àmì ewé lórí.

Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ níwèé ni. Mi ò ní láti ṣàlàyé.

"Òjìji ẹ̀ka igi ni," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tó gbẹ́ ère yìí, fọ́tò ló wò. Ó gbẹ́ òjìji mọ́ ọn. Fọ́tò ò sì ní ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣófo. Tuntun ni."

Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ère náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ lórí ohun tí mo sọ. Ká ní mo fi bò fún un ni, á gbé e délé, gbogbo ìlú á jó, lọ́jọ́ kan ẹlòmíràn á wá tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn níṣojú wọn.

Àwọn tí mo bá bá irú ọ̀rọ̀ yìí sọ, ẹni tó tà á fún wọn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ bá. Bàbá kò bèèrè ìyẹn.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?" ó bi mí.

Mo mọ̀ ọ́n. Agbẹ́kùúta kọ̀ọ̀kan ló ní bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń rìn, bí ìgbà tí ẹnì kan bá kọ̀wé. Ẹni tó gbẹ́ èyí, bó bá fẹ́ fa ìpéǹpéjú, ó máa ń ti ìdí imú bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gbé irin sókè díẹ̀ níparí, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti rí i níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Yaba, mo ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ rí. Muṣin ló wà, nínú agboolé àwọn bàbá rẹ̀. Òkúta sàréè ló fi ń jẹun, ère ló fi ń gbádùn ara rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè la lọ bá a, ọmọ bàbá ló wa ọkọ̀. Agbẹ́kùúta ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán, ó ń ká ẹní. Eruku òkúta funfun bo gbogbo àgbàlá náà, títí kan ewé ìbẹ́pẹ tó wà níbẹ̀. Ó kí wa káàbọ̀, ó wá àga fún bàbá. Lẹ́yìn náà la tú bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ó wò ó, ó fi ìka nù ún, ó gbóòórùn ìka náà.

"Ta ló fi ọ́ìlì pa á?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

"Ìwọ lo gbẹ́ ẹ?" bàbá bi í.

"Èmi ni, sà. Ọkùnrin kan ló mú àwòrán wá nínú fóònù. Ó ní ti ilé àwọn ló fọ́, àwọn fẹ́ òmíràn sí ipò rẹ̀. Bó ṣe mọ́ tónítóní ni mo gbé e fún un. Mo fi àmì mi sí ìdí rẹ̀."

Mo dojú ère dé, mo fi ìdí rẹ̀ hàn án. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí gíráíndà ti lọ, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ìyẹn dùn ún ju gbogbo ohun tó kù lọ.

"Wọ́n ti lọ orúkọ mi dànù," ó ní.

Bàbá ti kó ọ̀rọ̀ líle wá láti ilé. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ń tò ó lẹ́nu jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti Ojú Ẹlẹ́gbà. Kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó kàn ní, "O gbẹ́ ẹ dáadáa. Ìyẹn ló ba nǹkan jẹ́."

"Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ńkọ́?" èmi náà bi í.

"Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe gbẹ́ ẹ, Màmá. Fọ́tò yẹn ò mọ́ lójú. Mo bi ọkùnrin náà, ó ní ilà ni, kí n má yọ nǹkan kan kúrò."

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kó bá mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ohun àtijọ́, kó lọ sọ ohun tó sọ fún wa yìí. Ẹ̀rù bà á. Ó ní tí wọ́n bá mú òun mọ́ ọn ńkọ́? Mo ní gbígbẹ́ ère tó jọ ti àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó tà á bíi ti àtijọ́ ló lufin, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń ta ti àtijọ́ gan-an láìjẹ́ kí ìjọba mọ̀. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni màá jókòó sí," mo wí fún un. Ó gbà, ó ní ó di ọ̀la.

Obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ náà lọ́fíìsì, èmi ni mo kọ́ ọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, kò fi falẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, òun àti àwọn ọlọ́pàá ti ń lọ sí Ìjọra, wọ́n ní kí èmi àti agbẹ́kùúta bá wọn lọ. Bàbá ní òun náà ń bọ̀. A ní kó dúró sínú ọkọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni ilé ìkẹ́rù náà wà, lábẹ́ bíríìjì. Ọkùnrin tó ni ín kò sá. Ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó fi ọ̀yàyà kí wa, ó ní ọnà lásán ni òun ń tà, ẹni tó bá pè é ní ti àtijọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló fi pè é. Wọ́n ká tapólì tó wà ní igun. Àwọn ère tò sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin ọ́fíìsì yíjú sí mi.

"Mà, ẹ bá wa wò wọ́n."

Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì ọkọ̀. Ọ́ìlì ọkọ̀. Ọ̀kan ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọ̀kan kì í tilẹ̀ ṣe òkúta, sìmẹ́ńtì ni wọ́n rọ, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Agbẹ́kùúta mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú wọn, ó sì tọ́ka sí i láìsí pé a bi í. Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí lákòókò.

Nígbà tí mo yíjú láti jáde ni mo rí òkúta kan tí wọ́n fi tẹ etí tapólì mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e. Kò ní orí. Èjìká àti àyà ló kù, àti apá kan tó ká. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, ìyẹn ò wúlò," ọkùnrin náà wí. "Kò lórí."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Àmì gbòǹgbò koríko wà lára rẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú, ó gba àyà, ó gun èjìká, ó sì gba ojú ibi tí ọrùn ti ṣẹ́ kọjá láìdáwọ́ dúró. Ìyẹn ni pé orí ti kúrò kí ilẹ̀ tó gbé e mì. Àwọ̀ ojú ọgbẹ́ ọrùn àti àwọ̀ ara dọ́gba. Wọ́n ti jọ dàgbà. Mo fi abẹ́rẹ́ kan ìdọ̀tí abíyá, abẹ́rẹ́ yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ bíi pé eyín ni mo fi kàn. Kò sí ojú irin méjì tó jọra lára rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti dúró, ó ti sinmi, ó ti pọ́n irin rẹ̀, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, síbẹ̀ inú mi ṣì máa ń dùn bí ọmọdé nírú àkókò yẹn.

"Níbo lo ti rí èyí?" mo bi ọkùnrin náà.

Ó ń wo òkúta náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Mo sọ fún obìnrin ọ́fíìsì pé kí wọ́n wá aṣọ rírọ̀, kí wọ́n má gbé e nípa apá. Nígbà tí a gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, bàbá ti sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ṣé òun ni?"

"Rárá, sà. Kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni èyí."

Ó mi orí. "Á jẹ́ pé àwọn kan ń wá a níbì kan," ó ní.

Ère aláìlórí náà wà lọ́wọ́ ìjọba báyìí, wọ́n ń wádìí ibi tí wọ́n ti wú u. Ẹjọ́ ọkùnrin Ìjọra ṣì wà ní kóòtù. Ó ti dá ohun tó gbà lọ́wọ́ bàbá padà, bóyá ó rò pé ìyẹn á mú kí ọ̀rọ̀ tán. Kò tíì tán.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló padà lọ sí Muṣin, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó ní òun fẹ́ kí agbẹ́kùúta parí ère yẹn, kí òun lè gbé e lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ère tuntun, níṣojú gbogbo ayé. Agbẹ́kùúta ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n kí ni òun máa gbẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀? Bàbá kò mọ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní ìlú wọn, ó gbé fóònù sáàárín wa kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Kòlẹ́sẹ̀ ni irun rẹ̀," ohùn ìyá arúgbó náà wí. "Ó sọ̀ dé ọrùn. Ìlẹ̀kẹ̀ wà nídìí rẹ̀, ó máa ń gún mi lẹ́yìn nígbà tí mo bá fara tì í. Ta ní ń bèèrè?"

"Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ ni, mà," agbẹ́kùúta dáhùn.

"Ṣé ó mọ irun dì?"

"Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n dì, mà. Màá ní kó jókòó síwájú mi."

Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì títí òjìji fi kúrò, ojú ère sì wá tín-ín-rín díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni èmi béèrè: kó gbẹ́ àmì rẹ̀ àti ọdún sí i jinlẹ̀jinlẹ̀, sí ìdí àti sí abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ fi purọ́ lọ́jọ́ iwájú rí iṣẹ́ ṣe.

Ọkọ̀ èrò la wọ̀ ní ibùdókọ̀ Jíbówú lọ sí ìlú wọn. Bàbá kò gbà kí wọ́n gbé e sí búùtù, ó sanwó ìjókòó fún un, ó jókòó tì í. Ní ààfin, wọ́n sọ ìtàn náà bó ṣe rí, wọn kò fi nǹkan kan pa mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti wò ó tán ni wọ́n mú ẹ̀gbọ́n bàbá dé. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Kò tilẹ̀ yà síwájú ère náà. Ẹ̀yìn ló lọ, ó fi ọwọ́ wá irun, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ dé ìlẹ̀kẹ̀.

"Kì í ṣe òun," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ ẹ gbọ́ràn."

Lẹ́yìn náà ló bèèrè obìnrin tó mọ òkúta. Wọ́n fà mí sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Tí wọ́n bá gbé tiwa gan-an wá bá ọ lọ́jọ́ kan, ṣé wàá mọ̀ ọ́n?"

"Màá mọ̀ ọ́n, mà."

"O ò rí i rí."

"Mi ò rí i rí, mà. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rántí fún mi."

Ó ní kí n jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, pé ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.